Àyẹ̀wò Kí A Tó Sé Odò: Kainji, Ọ̀yán àti Àwọn Tí Ń Gbé Ẹ̀bá Omi

Ọ̀rọ̀ omi ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe omi àmu tí a ń pọn sínú ìkòkò ni mo ní lọ́kàn, bí kò ṣe omi tí ìjọba fi ògiri gbàgìdì sé mọ́lẹ̀, tí ó di adágún, tí ó bo abúlé mọ́lẹ̀, tí ó sì sọ ọmọ àgbẹ̀ di apẹja. Dáàmù ni ọ̀pọ̀ wa ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní ìsédò nínú àròkọ yìí, nítorí pé sísé ni a sé odò náà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí a ṣe ń yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò kí a tó dáwọ́ lé e, bí a kò ṣe yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa nígbà kan, àti ohun tí ó ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ ní ilẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yà bàrá díẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà gan-an, àyẹ̀wò. Lọ́dọ̀ dókítà ni a ti ń gbọ́ ọ jù lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ babaláwo ni àwọn baba wa ti ń lọ ṣe àyẹ̀wò kí ilé ìwòsàn tó dé. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ ìlú dó, wọn a béèrè: ṣé ibẹ̀ yóò gbà wá? Ṣé omi ibẹ̀ yóò tó? Kí ni ibẹ̀ ń kọ̀, kí ni ó ń fẹ́? Èmi kò ní sọ pé Ifá ni àwọn onímọ̀ àyíká ń dá, nítorí pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí a mú níbẹ̀: ẹni tí ó lọ ṣe àyẹ̀wò mọ̀ pé ìdáhùn lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni nìkan ni ìdáhùn tí ó ṣeé ṣe, a jẹ́ pé àyẹ̀wò kọ́ ni a lọ ṣe, ayẹyẹ ni.

Iṣẹ́ ìsédò ńlá àkọ́kọ́ tí ó gbajúmọ̀ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ lórí Odò Ọya, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Niger. Ibi tí wọ́n yàn fún un jẹ́ Kainji, ní ilẹ̀ Borgu, àwọn Ìbàrìbá tí ìtàn Ọ̀yọ́ kò lè pé láìdárúkọ wọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni Aláàfin Onígbogí sá lọ nígbà tí àwọn Tápà kó Ọ̀yọ́. Ní Bùsà níbẹ̀ náà, níbi tí omi ti ń já lórí àpáta, ni Mungo Park, arìnrìn-àjò ará Scotland, kú sí ní ọdún 1806. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1964. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1968 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn odò pa, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá jọ. Ọ̀gágun Yakubu Gowon ṣí i ní oṣù kejì ọdún 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà lọ́wọ́. Adágún tí ó jáde láti inú rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 135, ojú rẹ̀ sì fẹ̀ tó nǹkan bíi 1,270 kìlómítà níbùú-lóròó. Bùsà àtijọ́ wà ní ìsàlẹ̀ omi di òní. Nǹkan bíi 44,000 ènìyàn ni wọ́n kó kúrò ní ilé baba wọn.

A kò gbọdọ̀ parọ́ mọ́ àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n wọn omi, wọ́n ka ọ̀dúnlọ́dún bí odò ṣe ń kún tí ó sì ń fà, wọ́n kọ́ ilé fún àwọn tí wọ́n kó kúrò, wọ́n sì tẹ Bùsà Tuntun dó. Àwọn onímọ̀ náà lọ wo ẹja, koríko àti bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú ìmọ̀ jọ́gíráfì, ẹni tí ó papò dà ní ọdún 2022, ni olóòtú ìwé tí wọ́n ṣe lórí ìgbé ayé àwọn ènìyàn adágún Kainji. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún tí ìwé náà jáde: 1973. Omi ti bo ilẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ẹ̀kọ́ gidi ni ìwé náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó dé lẹ́yìn iṣẹ́ ni.

Ohun tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí ni àwọn ará ìsàlẹ̀ odò. Ṣáájú Kainji, ìgbà méjì ni Odò Ọya máa ń kún lọ́dún. Ìkún kìíní ń bọ̀ láti inú òjò tí ó rọ̀ nítòsí, ó máa ń dé ní nǹkan bí oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá, ẹrẹ̀ sì máa ń sọ omi náà di funfun bí omi àmọ̀. Ìkún kejì ń bọ̀ láti òkè Guinea lọ́nà jíjìn, oṣù mélòó kan ni ó fi ń rìn, ó sì máa ń dé ní ìgbà ọyẹ́, ó mọ́, ó sì dúdú, nítorí pé ẹrẹ̀ rẹ̀ ti sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Lórí àwọn ìkún wọ̀nyí ni àwọn Tápà àti àwọn mìíràn láti Jẹ̀bbà dé Lọ́kọ́ja gbé iṣẹ́ àkúrọ̀ wọn lé. Omi a kún bo bèbè, a fi ẹrẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀, a padà, wọn a sì gbin ìrẹsì àti ewébẹ̀ sí ibi tí ó ti kúrò. Ẹja náà a wọ inú omi ìkún yẹn lọ yé ẹyin. Nígbà tí ìsédò gba omi náà dúró, ìkún náà relẹ̀, àkúrọ̀ gbẹ, ẹja tí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ń pa sì dín kù gidigidi láàárín ọdún díẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kó wọn kúrò nílé, nítorí náà orúkọ wọn kò sí nínú ìwé owó gbà-máà-bínú. Wọ́n pàdánù nǹkan síbi tí wọ́n jókòó sí.

Nínú adágún fúnra rẹ̀, ẹja kọ́kọ́ pọ̀ bí yanrìn. Igi àti koríko tí omi bò ń jẹrà, ìjẹrà yẹn di oúnjẹ fún ohun abẹ̀mí inú omi, ẹja sì ń pọ̀ sí i. Àwọn ènìyàn láti ibi gbogbo wá dó síbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, oúnjẹ àkọ́kọ́ yẹn tán, iye ẹja sì já wálẹ̀. Àwọn tí ó ní ìmọ̀ adágún tí ènìyàn ṣe mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún apẹja tí àwọ̀n rẹ̀ kún fún ẹja ní ọdún kìíní pé kí ó má ṣe ta ilẹ̀ rẹ̀? Rere kan tún wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí n fò: ìtàkìtì omi lórí àpáta tí kòkòrò tí ń fa àrùn ojú fífọ́ ti ń pamọ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wà lábẹ́ adágún báyìí. Ìsédò kan náà a máa lé àrùn kan lọ, a sì máa pe òmíràn wá.

Èyí mú mi wá sí ilé, sí Odò Ọ̀yán.

Ọ̀dá ńlá tí ó mú apá òkè Ọya láàárín ọdún 1972 sí 1974 ni ó ta ìjọba àpapọ̀ jí sí ọ̀rọ̀ omi. Ní ọdún 1976 ni ìjọba ológun ṣe òfin tí ó dá àwọn àjọ ìdàgbàsókè agbègbè odò sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Tiwa ní apá ibí ni Àjọ Ìdàgbàsókè Agbègbè Odò Ògùn òun Ọ̀ṣun, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta. Odò Ògùn ni odò Yemọja, èyí tí àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba gbé orúkọ rẹ̀ lọ, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ìyá òkun níbẹ̀. Láti ẹ̀bá Ṣakí lọ́hùn-ún ni ó ti ń ṣàn bọ̀, tí ó fi ń gba Abẹ́òkúta kọjá wọ ọ̀sà Èkó. Ọ̀yán jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn odò tí ń wọ inú rẹ̀.

Ìsédò Ọ̀yán wà ní ìwọ̀-oòrùn àríwá Abẹ́òkúta, lọ́nà Ìmálà. Ààrẹ Shehu Shagari ni ó ṣí i ní oṣù kẹta ọdún 1983. Ògiri rẹ̀ gùn ju kìlómítà kan lọ, ó ga ní mítà 30, adágún rẹ̀ sì fẹ̀ tó 40 kìlómítà níbùú-lóròó bí ó bá kún. Ìlérí mẹ́ta ni wọ́n ṣe lórí rẹ̀: omi fún Èkó àti Abẹ́òkúta, omi fún oko tí ó tó 3,000 hẹ́kítà, àti iná mànàmáná. Ẹ̀rọ iná mẹ́ta ni wọ́n gbé síbẹ̀, mẹ́gáwáàtì mẹ́ta-mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jókòó síbẹ̀ láìtan àtùpà kan. Ìlérí omi ni ó ṣẹ jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ láti Ọ̀yán ni kì í jẹ́ kí Odò Ògùn fà tán ní Àkútè, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ omi Ìju àti Adíyàn ti ń fa omi fún Èkó. Ẹni tí ó bá ń bú ìsédò lójú gbogbo ayé, kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí omi inú ago rẹ̀ ti wá. Èmi kò bú u.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a lọ sí etí adágún, sí Ìbarò, Ìmálà-Odò àti Abúlé Titun, níbi tí àwọn tí iṣẹ́ náà ṣí nípò àti àwọn apẹja tí ó tẹ̀lé ẹja wá ń gbé. Láìpẹ́ sígbà tí adágún kún ni àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, àti akẹgbẹ́ wọn láti Denmark lọ ṣe ìwádìí níbẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àbájáde rẹ̀ jáde láti ọdún 1991. Àrùn tí a ń pè ní àtọ̀sí ajá ni wọ́n bá níbẹ̀, ó sì ti gbilẹ̀ gan-an láàárín àwọn ọmọ iléèwé.

Orúkọ yìí fúnra rẹ̀ ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Nítorí pé àtọ̀sí ni a ń pe àrùn tí ènìyàn ń kó níbi ìbálòpọ̀, ìtìjú a máa bá ẹni tí ó ní i, òbí a sì máa fi ọmọ pamọ́. Bẹ́ẹ̀, ibi tí ọmọ náà ti lọ lúwẹ̀ẹ́ ni ó ti kó o. Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹni tí ó ní àrùn náà tọ̀ sínú omi tàbí sí etí rẹ̀. Ẹyin kòkòrò wà nínú ìtọ̀ náà. Bí ẹyin bá ti kan omi, ó pa, ohun tín-ń-tín tí ó jáde sì ń wá ìgbín omi kékeré kan kiri, èyí tí kò ju èékánná ọwọ́ lọ. Inú ìgbín náà ni yóò wọ̀, tí yóò sì di ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn wọ̀nyí a tún jáde sínú omi. Bí ọmọdé bá wọ omi, bí obìnrin bá wá fọ aṣọ, bí apẹja bá wá tú àwọ̀n, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi ń gba awọ ara wọlé. Wọn a lọ dó sí iṣan ẹ̀jẹ̀ ibi àpò ìtọ̀, wọ́n sì lè gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè ba àpò ìtọ̀ àti kíndìnrín jẹ́.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú ìsédò? Odò tí ń ṣàn kíkankíkan kò gba ìgbín yẹn láyè. Ìṣàn a gbá a lọ. Ibi tí omi bá dúró sí, tí koríko sì hù sí, ni ìgbín ti ń rí ilé. Nítorí náà, nígbà tí a sọ odò di adágún, ìgbín ni a kọ́ ilé fún. A sì wá kó àwọn ènìyàn wá sí ẹnu ọ̀nà ilé náà. Kì í ṣe àṣírí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ní ọdún 1979 nìyí: wọ́n ti rí i ní Íjíbítì, wọ́n ti rí i ní adágún Volta ní Ghánà, níbi tí ìsédò Akosombo ti parí ní ọdún 1965. Bí ẹnìkan bá jókòó ṣe àyẹ̀wò fún Ọ̀yán nítòótọ́, ohun tí ó yẹ kí ó kọ sílẹ̀ kò le: kí wọ́n gbẹ́ kànga, kí wọ́n ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ilé jìnnà sí etí omi, kí àwọn ènìyàn tó kó dé. Ní ẹ̀gbẹ́ owó tí wọ́n fi mọ ògiri, owó ẹ̀kọ àárọ̀ ni ìyẹn. Oògùn praziquantel ń wo àrùn náà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó lo oògùn lónìí tí ó tún padà sínú omi lọ́la yóò tún kó o, nítorí pé ibi mìíràn kò sí tí yóò ti pọn omi.

Ìdààmú kejì wà ní ìsàlẹ̀ odò. Ní òpin ìgbà òjò, adágún a kún dé ẹnu, àwọn tí ń ṣọ́ ọ a sì ní láti ṣí ilẹ̀kùn kí omi má baà ya ògiri. Omi náà a gba Odò Ògùn sọ̀kalẹ̀, a bá òjò pàdé lọ́nà, a sì dé ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ó wà láàárín Ìṣẹrì àti ọ̀sà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, lẹ́yìn tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti Ọ̀yán, omi bo ilé ní Àjẹgúnlẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ó sì dé agbègbè Kẹtu àti Máìlì 12. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ènìyàn fi ń wọlé ara wọn. Láti ìgbà náà wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọdọọdún ni ìkìlọ̀ ń jáde fún àwọn ará ibẹ̀.

Ta ni ó jẹ̀bi? Ẹni tí ó kọ́lé sí ojú omi kò lè bọ́ nínú ẹ̀bi, nítorí pé àwọn àgbà tí ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún àkúrọ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n èrò kan wà tí mi ò lè mú kúrò lọ́kàn: ní ọdún tí òjò kò pọ̀, ìsédò a gba gbogbo omi dúró, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ odò a sì gbẹ. Ọdún méjì, ọdún mẹ́ta bẹ́ẹ̀, onílẹ̀ a tà á, ẹni tí ó ra ilẹ̀ a sì búra pé òun kò rí omi níbẹ̀ rí. Ìsédò náà wà lára ohun tí ó tàn án jẹ. Àyẹ̀wò tí kò bá ní kọjá ẹsẹ̀ ògiri kò lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo òfin. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di dandan, nínú òfin tí Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí ní ọjọ́ kìíní ọdún 1970, pé kí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó bá lè yí àyíká padà gidigidi ní ìwé àyẹ̀wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ní tiwa, ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ ta sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1980, ọlọ́pàá yìnbọn pa ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní Bakolori, ní ìpínlẹ̀ Sokoto ìgbà náà, nítorí pé wọ́n ń jà fún ilẹ̀ tí iṣẹ́ ìsédò gbà lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn pàápàá kò mú òfin wá. Ìdọ̀tí olóró tí àwọn ará Ítálì wá dà sí Koko ní ọdún 1988 ni ó mú kí ìjọba dá àjọ àyíká sílẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà. Ní ọdún 1992 ni Òfin 86 wá jáde, òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká. Ó sọ pé ìsédò tàbí adágún àtọwọ́dá tí ojú rẹ̀ bá ti tó 200 hẹ́kítà kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìsí àyẹ̀wò. Ojú Ọ̀yán tó 4,000 hẹ́kítà, ìlọ́po 20 ni. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ti kọjá lórí ṣíṣí rẹ̀ kí òfin náà tó dé.

Òfin náà dára lórí ìwé. Ó ní kí a sọ ohun tí iṣẹ́ náà yóò ṣe sí àyíká, kí a sọ ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà ṣe é, kí a sọ bí a ó ṣe dín aburú rẹ̀ kù, kí a sì fún ará ìlú láyè láti sọ tẹnu wọn. Ìlànà tí ó tẹ̀lé e ní kí a pàtẹ ìwé náà fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè kà á. Mo ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Ó nípọn bí Bíbélì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orúkọ kòkòrò àti ìgbín inú rẹ̀ sì jẹ́ èdè Látìn. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà ni ó ń san owó fún ẹni tí ó kọ ọ́. Ẹ wá ro ó wò: ìyá kan ní Ìbarò, tí ó mọ etí omi yẹn ju ẹnikẹ́ni tí ó kọ ìwé náà lọ, ni a pè kí ó wá ka ojú ewé irínwó ní ọ́fíìsì ìjọba láàárín ọjọ́ 21, ní èdè tí kò gbọ́. Bí kò bá wá, wọn a kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ẹni tí ó takò ó.

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí èdè Yorùbá jẹ lógún. A ti jiyàn tó lórí ohun tí a ó máa pe kọ̀ǹpútà. Ṣé a kò lè ní ọ̀rọ̀ tí ó yanjú fún àwọn nǹkan wọ̀nyí? Ojú ewé mẹ́wàá ní Yorùbá, tí ó sọ pé: omi yóò dé ibi báyìí, àrùn báyìí lè tẹ̀lé e, kànga mélòó ni a ó gbẹ́, nọ́ńbà tí ẹ ó pè nígbà tí a bá fẹ́ tú omi sílẹ̀ rèé. Kí a kà á sókè ní ọjà, kí a kà á lórí rédíò, kí a sì kọ ìdáhùn àwọn ènìyàn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an.

Àwọn ìsédò tí ó ti wà tipẹ́ náà ń kọ́? Òfin 1992 kò lè padà sẹ́yìn lọ yẹ Kainji tàbí Ọ̀yán wò kí a tó kọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ní kí a má yẹ̀ wọ́n wò bí wọ́n ṣe wà yìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìsédò Alau ya ní ẹ̀bá Maiduguri, omi sì gba apá ńlá nínú ìlú náà láàárín òru. Nítòsí wa, Ìkẹ́rẹ́ ti wà lórí Odò Ògùn ní ẹ̀gbẹ́ Ìsẹ́yìn láti ìgbà ìjọba Shagari, iṣẹ́ rẹ̀ dúró láìparí fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi sì wà lẹ́yìn ògiri rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Odò kan náà ni òun àti Ọ̀yán jọ ń tú omi sí, Abẹ́òkúta, Ìṣẹrì àti Àjẹgúnlẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ àwọn méjèèjì.